Obì Kì í Bá Ni Kàwé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra ìdánwò, ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá kọ́kọ́ dárúkọ oorun, ẹ ó ní, “Bàbá tún ti dé.” Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ti ibi ohun tí ẹ fi ń lé e bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tiwa, gbàǹja la mọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kàwé mọ́jú á ra gbàǹja bíi mélòó kan, á gbé àtùpà sí ẹ̀gbẹ́, á máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ títí eyín rẹ̀ á fi pọ́n. Tiyín pọ̀ ju tiwa lọ. Kọfí inú ọ̀rá kékeré wà, tíì wà, ẹ́nẹ́jì inú agolo wà lóríṣiríṣi. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń da kọfí sínú Coca-Cola, wọ́n á dijú, wọ́n á gbé e mu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ìyẹn, mo fẹ́ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Orúkọ wọn yàtọ̀, adùn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn: kaféènì. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Friedlieb Runge, ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú kọfí ní 1819, lẹ́yìn tí Goethe, àgbà òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn, kó èso kọfí lé e lọ́wọ́ pé kó lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn baba wa kò dúró de Runge. Kí òyìnbó tó fún un lórúkọ ni àwọn oníṣòwò ti ń ru gbàǹja kúrò nínú igbó lọ sí ilẹ̀ Háúsá, tí arìnrìn-àjò sì ń jẹ ẹ́ kí àárẹ̀ má baà dá a dúró lójú ọ̀nà.

Àwa ará Abẹ́òkúta tún ní ọ̀kan tí ẹ kì í kà mọ́ ọn. Jacob Odulate, tí wọ́n ń pè ní Blessed Jacob, dá ilé iṣẹ́ Alábùkún sílẹ̀ nílùú wa níbí ní 1918, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì wà lórí igbá títí dòní. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá lóye ìdí tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń dà á sẹ́nu lẹ́yìn iṣẹ́ oko, tí wọ́n á sì ní ara àwọn ti yá. Panadol Extra náà ní kaféènì, mílígíráàmù 65 nínú hóró kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mu kọfí méjì, tí orí wá ń fọ́ ọ, tó gbé hóró méjì mì, ti fi mílígíráàmù 130 kún tilẹ̀ láìmọ̀. Oògùn orí fífọ́ ni nǹkan wọ̀nyí, ẹ má sọ wọ́n di oúnjẹ ìwé kíkà. Aspirin lórí inú òfìfo kì í sì í fi ikùn sílẹ̀ lálàáfíà. Ẹni tó bá ti ní ọgbẹ́ inú rí mọ ohun tí mò ń wí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Láti ìgbà tí o bá ti jí ní òwúrọ̀, bí ọpọlọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Adenosine yìí ní àga tirẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ti jókòó, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ìpéǹpéjú á wúwo. Kaféènì wá jọ ọ́ débi pé ó lè jókòó sórí àga náà, àmọ́ kò mọ iṣẹ́ oní-àga. Ó kàn gbàyè lásán ni. Adenosine kò sì lọ síbì kankan, ìta ló dúró sí, tó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí kaféènì bá dìde, gbogbo èyí tó ti kóra jọ síta á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló fà á tí ẹni tó fi kọfí lajú títí di aago mẹ́ta òru fi ń tòògbé lórí ìwé ìdánwò ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́: ara tó ń fẹ́ oorun á gba oorun, bí kò rí i gbà lórí bẹ́ẹ̀dì, á gbà á lórí tábìlì.

N kò ní parọ́ mọ́ kaféènì o. Ó ní ohun tó ń ṣe dáadáa, àwọn èèyàn sì ti wádìí rẹ̀ tipẹ́. Ní 1909, ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé 40 àgbá ńlá àti 20 kékeré tí omi àdídùn Coca-Cola kún inú wọn nítòsí ìlú Chattanooga. Wọ́n ní kaféènì tí wọ́n fi sí i lè pa aráàlú lára. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ní 1911, ilé iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Harry Hollingworth, pé kó dán kaféènì wò lára èèyàn. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Leta, kó èèyàn 16 jọ, wọ́n fi 40 ọjọ́ wọn bí ọwọ́ wọn ṣe yá sí àti bí orí wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí kaféènì wà nínú ohun tóun gbé mì àti ọjọ́ tí ṣúgà lásán wà níbẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ni pé kó tó gba owó, ó ti bá ilé iṣẹ́ ṣàdéhùn pé bó bá dára bó burú, òun á tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, wọn kò sì ní fi orúkọ òun polówó ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó lọ́wọ́ onílé iṣẹ́ láti yìn ín lórí fóònù, ẹ gbọ́ bí?

Ohun tó rí nígbà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí wọ́n ń rí títí di ìsinsìnyí. Kaféènì díẹ̀ ń mú ọwọ́ yá, ó ń mú kí èèyàn tètè fèsì, kí ojú rẹ̀ má kúrò lórí iṣẹ́ tó ń sú ni. Bó bá pọ̀, ó ń ba oorun jẹ́. Ẹni tó ti rẹ̀ ló sì ń ràn lọ́wọ́ jù. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan ìṣirò tó díjú, tàbí ríronú jinlẹ̀ lórí ohun tí kò yé ọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ó lè mú kí o jókòó ti ìwé. Kí ìwé yé ọ, ọwọ́ rẹ nìyẹn wà.

Ẹ tún kíyè sí i pé ara máa ń mọ́ ọn. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, bí kò bá rí i mu lónìí, láàárín wákàtí 12 sí 24 orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, inú á máa bí i, kò ní lè fọkàn sí nǹkan kan. Yóò wá mu ún, ara á rọ̀ ọ́, yóò ní, “Ẹ ò rí i bí kọfí ṣe ń la ọpọlọ mi?” Apá kan nínú ìlajú yẹn, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mu nǹkan kan ti jí sí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ iyè, èyí tó gbé mi wá gan-an. Ǹjẹ́ kaféènì ń jẹ́ kí èèyàn rántí ohun tó kà? Ní 2014, Michael Yassa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí gbogbo ayé gbé káàkiri. Wọ́n fi àwòrán oríṣiríṣi han àwọn èèyàn tí kì í sábà lo kaféènì. Lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán ni wọ́n tó fún àwọn kan ní mílígíráàmù 200, tí wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó àwòrán dé: òmíràn jẹ́ èyí tí wọ́n ti rí, òmíràn tuntun, òmíràn sì jọ ti àná ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Àwọn tó lo kaféènì mọ ìyàtọ̀ àwọn tó jọra ju àwọn yòókù lọ. Mílígíráàmù 100 kò tó láti ṣe é; 300 kò sì ju 200 lọ, àfi pé ó fi orí fífọ́ àti ara gbígbọ̀n kún un.

Inú yín dùn, àbí? Ẹ fara balẹ̀ tún ìtàn yẹn kà. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ tán ni wọ́n gbé e mì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ara wọn kò sì tíì mọ́ ọn. Òru kan kọjá láàárín kí wọ́n tó bi wọ́n léèrè. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má sùn. Èyí tí ẹ ń ṣe ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ń mu ẹ́nẹ́jì mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kò lè fi ìwádìí yìí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wà tó wúlò fún yín ju ìyẹn lọ. Ní Yunifásítì Arizona, wọ́n kọ́kọ́ dán àwọn tó ti lé ní ọdún 65 wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Àwa àgbà, òwúrọ̀ ni iyè wa ń mú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ sílẹ̀. Àwọn arúgbó tó mu kọfí tí kaféènì wà nínú rẹ̀, tiwọn kò lọ sílẹ̀. Nígbà tó di 2016, wọ́n tẹ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, tiwọn wá jẹ́ òdìkejì: ní ìdájí, nígbà tí ojú ọ̀dọ́ kò tíì là dáadáa, kọfí ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rántí, ní ọ̀sán, kò fi nǹkan kan kún un. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá máa lò ó rárá, ẹ lò ó ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní àkókò tí orí yín ṣì wúwo. Àkókò náà gan-an ni ẹ kì í lò ó, òru ni ẹ ń fi pamọ́ dè.

Kí ló wá burú nínú òru? Ohun tí ẹ kà lọ́sàn-án kò tíì di tiyín. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń tún un gbé yẹ̀ wò, tó ń kó o sí ibi tí yóò ti rí i mú lọ́la. Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ní 1924, Jenkins àti Dallenbach ní Yunifásítì Cornell ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì há ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí. Nígbà mìíràn wọ́n á sùn lẹ́yìn tí wọ́n há a tán, nígbà mìíràn wọ́n á wà lójúfò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rántí. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá sùn, wọ́n ń rántí jù. Èèyàn méjì kéré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìwádìí lórí ìwádìí ló ti ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ọpọlọ tí kò sùn kì í tilẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tuntun dáadáa lọ́jọ́ kejì.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò wà ní Abẹ́òkúta níbí, èyí tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò sọ di ìlú mọ̀ọ́ká. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n ní orí ń ta àwọn, ó ń gbóná, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ka ojú ìwé kan tán, wọn kò mọ ohun tí wọ́n kà. Ojú ń ṣú wọn. Èyí tí wọ́n mọ̀ lánàá ti rá wọn níyè. Àwọn fúnra wọn ló ní ìwé àkàjù ti mú kí ọpọlọ rẹ àwọn, Prince sì fi ìyẹn sọ àrùn náà lórúkọ, ó pè é ní brain fag, ó tẹ ìwé jáde lé e lórí ní 1960.

Prince rí ẹrù tí àwọn ọmọ náà rù. Ẹbí kan á kówó jọ, wọ́n á rán ọmọ kan ṣoṣo lọ sílé ìwé, gbogbo ojú á wà lára rẹ̀. Bó bá yege, gbogbo agboolé ló yege. Bó bá kùnà ńkọ́? Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ mọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Àwọn gan-an ni wọ́n ń gbìyànjú jù ní kíláàsì, tí o bá sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ wa tó wá tẹ̀lé Prince tún ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì na ìka sí àìsùn àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti máa wà lójúfò. Nílé, wọ́n á ti máa wá ẹni tó ń ṣe ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ló ti gbọ́ ẹjọ́ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ nítorí ọmọ tó ń jẹ gbàǹja lóru.

Ẹni tó bá ń rí àmì báyìí, kó má fi kọfí lé e. Kó fi oorun tọ́jú ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí kò bá sì lọ, kó lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò díẹ̀. Ife kọfí inú ọ̀rá lè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 60 sí 80. Agolo Red Bull kékeré, 250 mílílítà, ní 80. Ohun mímu tó bá le tó bẹ́ẹ̀, tó wá jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ nínú agolo ńlá, á ní 160. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè lo tó 400 lójúmọ́, kó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Aláboyún, 200 ni gbogbo tirẹ̀ lójúmọ́. Obì kò ní àkọlé lára. Ìwọ̀n kaféènì inú rẹ̀ yàtọ̀ láti orí kan sí òmíràn, nítorí náà ẹni tó ń jẹ gbàǹja tó tún ń mu agolo kò lè mọ ibi tí ìṣirò rẹ̀ dé. Nígbà tí àyà bá ń já, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ti kọjá ààlà nìyẹn.

Ó tún máa ń pẹ́ lára ju bí ẹ ṣe rò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí o mu ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń bá ọ ṣeré ní aago kan òru. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, tirẹ̀ lè pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Ti aláboyún tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Detroit, wọ́n fún àwọn èèyàn ní mílígíráàmù 400 nígbà tó ku wákàtí mẹ́fà kí wọ́n sùn, ó sì gé ju wákàtí kan lọ kúrò nínú oorun wọn. Àwọn tó sùn náà kò tilẹ̀ fura, ẹ̀rọ ló sọ ọ́. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Torí náà, bí ọmọ kan bá sọ fún mi pé, “Bàbá, èmi lè mu kọfí kí n sì sùn lọ fọnfọn,” mo gbà pé ó sùn. Irú oorun tó sùn ni mi ò tíì gbà.

Èyí tó tún le ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pípo ẹ́nẹ́jì mọ́ ọtí. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín níbi àríyá. Kaféènì á lé oorun ọtí lọ, ọtí fúnra rẹ̀ á ṣì wà lára digbí. Ẹni tó ti yó á rò pé ojú òun dá, yóò gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó ń ta ọtí tí kaféènì wà nínú rẹ̀, tó fi di pé wọ́n yọ kaféènì kúrò. Níbí, ọwọ́ ara yín ni ẹ fi ń pò ó.

Bó bá wá di dandan kí ẹ lò ó, ọgbọ́n kan wà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Loughborough ní England dán wò lára àwọn awakọ̀ tó ń tòògbé. Wọ́n fún wọn ní kọfí, wọ́n sì ní kí wọ́n rẹjú fún ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọfí àti oorun kékeré yẹn pa pọ̀ ṣe ju kí wọ́n lo ọ̀kan nínú wọn lọ. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé kaféènì kì í dé ọpọlọ lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó débẹ̀, o ti jí. Ẹ lè ṣe é ní ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ìwé ṣì pọ̀ nílẹ̀. Tó bá ti kọjá aago méjì ọ̀sán, ẹ fi kaféènì sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń ra páálí ẹ́nẹ́jì ránṣẹ́ sí ọmọ nílé ìwé, ẹ fi owó yẹn ra ẹyin àti ẹ̀wà fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ṣe kíláàsì òru fún àwọn tó fẹ́ jókòó ìdánwò WAEC, ẹ gbé e sí ìdájí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé tí kò bá tíì yé yín ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ẹ pa á dé. Ẹ jẹun, ẹ kó kálàmù àti káàdì ìdánwò sínú báàgì, ẹ pa fóònù, kí ẹ sì lọ sùn.